Ìlà Mẹ́rìnlá Tí Mo Kọ́ Sórí ní Ẹ̀gbẹ́dá

Ọdún méjì gbáko ni mo fi kọ́ eré kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ìtìjú rẹ̀ lè tètè kúrò lára mi. Eré náà kò ní àwòrán, kò ní orin. Ojú dúdú lásán ni, pẹ̀lú lẹ́tà funfun. Kọ̀ǹpútà á mú nọ́ńbà kan láti orí oókan dé ọgọ́rùn-ún, á fi pamọ́ sínú, á ní kí o méfò. Bí o bá sọ èyí tó lọ sókè, á ní ó pọ̀ jù. Bí o bá sọ èyí tó wà nísàlẹ̀, á ní ó kéré jù. Bí o bá bá a, á kí ọ kú oríire. Ó parí. Ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí lè jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n láàárọ̀, kí ó sì ti kọ ọ́ tán kí wọ́n tó pe ìrun àìlá. Èmi fi ọdún méjì kọ́ ọ, mo sì fi ilẹ̀ gbígbá, omi pípọn àti aṣọ ìyàwó ọ̀gá fífọ̀ lé e lórí.

Ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Ẹ̀gbẹ́dá, lójú títì, níbi tí ọkọ̀ Ifẹ̀ ti ń gbé èrò. Bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń pè é ní "ó" dípò "wọ́n", ẹ má rò pé wọn ò kọ́ mi nílé. Mo ti kúnlẹ̀ kí i fún ọdún méjì, ó tó gẹ́ẹ́. Pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ga ju òrùlé lọ. Ó kọ fótókọ́pì sí i, ó kọ àwòrán pásípọ́ọ̀tù, ó wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan ń ṣàìsàn, ẹ̀kẹta ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ó fi aṣọ bò ó kí àwọn òbí tó ń mú ọmọ wá lè máa kà á mọ́ wọn. Ètò kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n kọ láyé yìí ni eré méfò yẹn. N kò mọ ibi tó ti rí i. Mo ṣáà mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ronú kàn án, nítorí ẹni tó bá ronú kan nǹkan á mọ ìdí tí nǹkan náà fi rí bó ṣe rí.

Ìlà mẹ́rìnlá ni eré náà. Ọ̀gá kì í fi kọ̀ǹpútà kọ́ wa, nítorí iná kì í sí, epo jẹnẹrétọ̀ sì wà fún fótókọ́pì. Ó ń mú wa kà á sórí ni. Àwa ọmọṣẹ́ mẹ́ta á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọ̀gá á di rúlà mú, á ní "ìlà kìíní", a ó pariwo ìlà kìíní, àti gbogbo àmì tó wà nídìí rẹ̀, àti àlàfo mẹ́rin tó wà níwájú ìlà keje. Àwọn tó ń lọ wọkọ̀ á dúró wò wá bí ẹni ń wo eégún ọ̀sán. Ilé kéú ni wọ́n ti tọ́ ọ̀gá dàgbà, ibẹ̀ ló ti mú ọ̀nà ìkọ́ni yẹn. Èmi náà ṣe kéú, n kì í sì í fi kéú ṣeré. Ọmọ kéú tó ń ka wàláà láìmọ ìtumọ̀ lónìí, alùfáà rẹ̀ mọ ìtumọ̀, ọjọ́ á sì pé tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ọ̀gá tiwa kò ní ìtumọ̀ kankan níbì kankan. Àkọ́sórí ni wọ́n fún òun náà, ó sì ń gbé e fún ẹni ẹlẹ́ni bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹta ni mo bi í ní ìbéèrè. Ìlà kẹta ló ń fún kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà tó máa fi pamọ́, ohun tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ ni mọ́kànlélógójì. Mọ́kànlélógójì lánàá, mọ́kànlélógójì lónìí, mọ́kànlélógójì títí ayé. Mo ní ọ̀gá, bí nọ́ńbà náà kò bá ń yí padà, ṣé ẹni tó bá ti ta á lẹ́ẹ̀kan kò ní mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ náà lọ ni? Ó ní, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Ó wá ní kí n lọ pọnmi. Òwe yẹn ló fi ń dáhùn gbogbo ohun tí kò mọ̀, mo sì gbọ́ ọ débi pé bí ẹlòmíràn bá pa á létí mi lónìí, inú á bí mi sí onítọ̀hún láìṣẹ̀ láìrò.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò bá tèmi lọ. Fíríìdọ̀ọ̀mù ni. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ ní agbègbè wa, aránṣọ ni o, onídìrí ni o, mẹkáníìkì ni o, bí ọ̀gá rẹ̀ kò bá gbọ́wọ́ lé e lórí níwájú èèyàn, kó ṣàdúà fún un, kó sì fún un níwèé, kò kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ìyáàfin kan tó ní ilé ìwé aládàáni ní Ìrókò, ìlú wa, ti ṣèlérí pé àwọn á gbà mí láti máa kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà bí mo bá ti lè mú ìwé náà wá. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn ju iṣẹ́ lọ ni ojú bàbá mi. Àgbẹ̀ ni wọ́n, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn, wọn kò kàwé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú mi lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, àbúrò wọn, tí à ń pè ní bàbá kékeré, sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí pé ọmọbìnrin tí ẹ̀rọ ìránṣọ yẹ, bàbá rẹ̀ ní kó lọ máa tẹ bọ́tìnnì. Gbogbo àwọn tó ń ṣe àlùwàlá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé ni bàbá mi sọ fún mi pé kí n kọ́ ọ dáadáa, pé ọjọ́ tí mo bá gba fíríìdọ̀ọ̀mù, àwọn á mú bàbá kékeré dání kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i.

Bí ọ̀gá mi ṣe ń ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù ni pé ọmọṣẹ́ á kọ ìlà mẹ́rìnlá náà láìwo ìwé, bàbá tàbí ìyá rẹ̀ á wá dìde ta eré náà níwájú gbogbo àlejò. Òbí á sọ nọ́ńbà, ọmọ á tẹ̀ ẹ́, á ka ohun tí ẹ̀rọ bá wí sókè. Mo rí ti ọmọbìnrin kan tó ṣáájú mi. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń ta èlùbọ́, dìde, wọ́n ní àádọ́rin. Ọmọ ní ó pọ̀ jù. Wọ́n ní ogún. Ọmọ ní ó kéré jù. Wọ́n ní mọ́kànlélógójì. Àwọn èèyàn bú sí àtẹ́wọ́, wọ́n da pọ́dà sí ọmọ náà lọ́rùn, ìyá bẹ̀rẹ̀ ijó. Mo wò wọ́n láti ibi tí mo dúró sí, mo ní nínú mi pé òmùgọ̀ ni gbogbo yín. Èrò mi ni pé ọmọ náà ló sọ nọ́ńbà fún ìyá rẹ̀ nílé. Olè ni mo kà á sí, olè tó tún ń jó.

Nígbà tó ku oṣù kan kí n ṣe tèmi ni mo kà á lórí fóònù pé ìlà méjì péré ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ mú nọ́ńbà tó bá wù ú, tí ẹni tó kọ eré náà pàápàá kò ní mọ̀ ọ́n. Ìlà méjì péré, ọ̀gá kò sì mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó ti ń jẹ ọ̀gá. Mo pinnu pé níwájú àwọn àlejò ni n ó ti yọ mọ́kànlélógójì rẹ̀ kúrò, láìsọ fún un, n ó sì fi ìlà méjì tèmi sí i. Bí èrò bá wá túká, n ó pè é wá wò ó. Mo ti to ohun tí n ó sọ. Bí mo bá ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, n ó máa sọ ọ́ fún ìgbálẹ̀.

Mo ro ti bàbá mi náà. N kò fẹ́ kí wọ́n ta eré irọ́. Mo lọ sílé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń bá nọ́ńbà tí kò mọ̀. Mo ní kí wọ́n fọkàn wo ọgọ́rùn-ún ebè tó tò tẹ̀ léra, pé mo ri ọ̀bẹ mọ́ ọ̀kan nínú wọn. Kí wọ́n kọ́kọ́ dúró sórí àádọ́ta, kí wọ́n bi mí bóyá iwájú ló wà ni àbí ẹ̀yìn. Kò gba àlàyé kejì. Wọ́n ní ohun tí àwọn ń ṣe nìyẹn bí ewúrẹ́ bá sọnù sínú oko. Àwọn á ya oko sí méjì, ibi tí àwọn bá ti mọ̀ pé kò sí, àwọn ò padà débẹ̀ mọ́. Mo gbé eré náà kalẹ̀ lórí fóònù mi, mò ń ka ìdáhùn rẹ̀ fún wọn. Kò gbà wọ́n ju ẹ̀ẹ̀meje lọ kí wọ́n tó bá a, ìgbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹrin. Wọn kò fẹ́ ká dáwọ́ dúró mọ́, oúnjẹ tutù síwájú wa. Bàbá mi tí kò mọ lẹ́tà kan yàtọ̀ sí èkejì ti ní òye tí ọ̀gá oní-pátákó kò ní. Orí mi wú. Mo padà sí Ẹ̀gbẹ́dá bí ẹni tó gun ẹṣin.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ta àtíbàbà síwájú ṣọ́ọ̀bù. Alága ẹgbẹ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà àdúgbò jókòó sáàárín. Rédíò ló ń tún ṣe o, wọ́n fi í joyè nítorí pé òun ló ni àtíbàbà. Bàbá mi ti Ìrókò dé pẹ̀lú iṣu mẹ́wàá àti àkùkọ kan, wọ́n wọ agbádá tí wọ́n fi ń lọ sí yídì. Bàbá kékeré tẹ̀ lé wọn, ẹ̀rín sì ti wà lẹ́nu wọn kí wọ́n tó rí àga jókòó. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá mú bàbá mi lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Mo rí wọn. Mo rò pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá iṣu ṣì kù sílé ni, nítorí ọ̀kánjúwà rẹ̀ kì í sinmi. Nígbà tí bàbá mi padà wá jókòó, ojú wọn le, ẹnu wọn ń mì díẹ̀díẹ̀. Mo rò pé àdúà ni wọ́n ń ṣe fún mi.

Mo jókòó ti ẹ̀rọ. Ojú rẹ̀ kọ sí ọ̀dọ̀ èmi nìkan, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn àlejò ń wò. Ọ̀gá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà, ó ń ké ìlà kọ̀ọ̀kan sókè láti orí bí mo ṣe ń kọ ọ́, kí alága lè rí bó ṣe mọ̀wé tó. Nígbà tí ó ké mọ́kànlélógójì, nǹkan mìíràn ni ọwọ́ mi ń tẹ̀. Kò tilẹ̀ bojú wo ẹ̀rọ. Mo ti mọ̀ pé kò ní wò ó.

Wọ́n pe bàbá mi. Wọ́n dìde, wọ́n ká agbádá sí èjìká. Àádọ́ta ni mò ń retí.

"Àádọ́rin," ni bàbá mi wí.

Ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ní ó kéré jù, mo sì kà á bẹ́ẹ̀. Mo rí i tí ọ̀gá yí ọrùn padà fìrì. Bàbá mi kò dúró. Wọ́n ní ogún. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, nítorí kò sí ìwé tí èèyàn máa kà kí ó tó mọ̀ pé bí àádọ́rin bá kéré, kí ni ogún máa wá ṣe níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ó yé mi. Àádọ́rin, ogún: nọ́ńbà ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ni. Ọmọ wọn kọ́ ló sọ ọ́ fún wọn. Ọ̀gá ló ń sọ ọ́ fún gbogbo òbí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti sọ ọ́ fún bàbá tèmi náà. Mo mọ ohun tí bàbá mi fẹ́ sọ tẹ̀ lé e.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí òun ni mo ṣe jókòó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Èmi nìkan ni mò ń rí ojú ẹ̀rọ. Ohun tí mo bá ní ó wí ni gbogbo ayé máa gbà pé ó wí. Bí mo bá ní mo ṣi ti àádọ́rin kà ni, kí n wá ní, "Ẹ kú oríire," wọn á pàtẹ́wọ́, bàbá kékeré á gbẹ́nu dákẹ́, ọjọ́ náà á parí sí ayọ̀. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà gan-an, kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọdún méjì gan irọ́ ọkùnrin yẹn, mo sì ti gbà pé mo sàn jù ú lọ.

"Mọ́kànlélógójì," ni bàbá mi wí, wọ́n gbé orí sókè, wọ́n ń dúró de àtẹ́wọ́.

"Ó kéré jù," ni mo wí.

Bàbá kékeré ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Alága tẹ̀ lé wọn, àwọn tó kù gbà á lẹ́nu wọn. Bàbá mi wo ọ̀gá. Ọ̀gá wolẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n tún un sọ, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. Mọ́kànlélógójì. Mo tún kà á bí mo ṣe rí i. Obìnrin kan ní ẹ fún bàbá ní omi, oòrùn ti pa wọ́n. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀rín sì ti pọ̀ débi pé ẹnu wọn ni mo wò kí n tó mọ ohun tí wọ́n wí.

Ọ̀gá ló lọ pa jẹnẹrétọ̀. Ó padà wá, ó ní epo ti tán, pé ẹ̀rọ ti ń ṣe ségesège láti àárọ̀, pé òun jẹ́rìí sí i pé ọmọ yìí mọṣẹ́. Ó ní kí n kúnlẹ̀. Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúà gígùn, ó yọ máòsì ara ẹ̀rọ tó ti kú, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé àlùmọ́gàjí fún aránṣọ. Ó fún mi ní ìwé mi nínú ọ̀rá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí etí mi, ó ní, "Ṣé ó ti tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí?" N kò rí ọ̀kankan sọ nínú gbogbo ohun tí mo ti ń sọ fún ìgbálẹ̀.

Mo ṣì kórìíra rẹ̀, ẹ má ṣì mí gbọ́. Onírọ́ ni, ọ̀lẹ ni, ó gba ọdún méjì lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kò sí bàbá tàbí ìyá kan tó dójú tì láti ọjọ́ tó ti ń pa irọ́ náà. Èmi olóòótọ́ ni mo dójú ti tèmi.

Bàbá kékeré wọ ọkọ̀ tiwọn lọ, ó hàn pé wọ́n fẹ́ tètè délé ṣáájú wa. Èmi àti bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ ní Ṣáṣá láti wọ ọkọ̀ Ìrókò. Àwọn alábàárù ń gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì kọjá, wọ́n ń ké ágò. Bàbá mi ti ká agbádá wọn sábẹ́ apá. Mo rò pé wọ́n gbàgbé ohun tí mo kọ́ wọn ni. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo tilẹ̀ ń bínú sí wọn díẹ̀ pé wọ́n gbàgbé.

Wọ́n ní, "Nígbà tí o ti ní àádọ́rin kéré, mo mọ̀ pé kò lè jẹ́ mọ́kànlélógójì mọ́. N kò gbàgbé ebè. Ọ̀gá rẹ ló ní bí mo bá fi lè pe òmíràn, ìwé rẹ kò ní jáde. Mo wá ní kí wọ́n kúkú máa fi mí rẹ́rìn-ín."

Wọ́n ní kí n fi ìwé náà hàn wọ́n. Mo yọ ọ́. Wọ́n wò ó lókè, wọ́n wò ó nísàlẹ̀, wọ́n bi mí èwo ni orúkọ mi níbẹ̀, mo fi ìka tọ́ ọ. Wọ́n ní ó dára, àlùbáríkà. Ọkọ̀ dé, a wọlé.

Ìyáàfin náà gbà mí síṣẹ́ lọ́sẹ̀ kejì. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré náà, ìlà méjì tèmi wà nínú rẹ̀, wọ́n sì mọ ìdí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní mọ́ṣáláṣí, Mọ́kànlélógójì ni bàbá kékeré àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pe bàbá mi títí di òní, bàbá mi sì ń dá wọn lóhùn. Bàbá mi gbà pé ẹ̀rọ ọ̀gá mi ló bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. N kò tíì sọ fún wọn pé èmi ni mo yí nọ́ńbà náà padà.